Omi Àlùwàlá Tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ lébìrà ni mo ń ṣe, ìwé kẹta ni mo sì ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí pẹ̀lú "mo ṣe báyìí", ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì fa bébà náà ya. Ẹ jẹ́ kí n máa pe ọkùnrin inú rẹ̀ ní Jímọ̀, kí n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Jímọ̀ náà ni orúkọ mi. Mo kàn fẹ́ jìnnà sí i díẹ̀ ni, kí n lè rí i dáadáa.

Ní ọdún 1959, oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí oṣù kẹta, nígbà tí ooru Lọ́kọ́jà máa ń mú kí ajá sùn sínú kòtò omi ìdọ̀tí. Jímọ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ láti abúlé kan ní ìsàlẹ̀ òkè Agbaja, ó ń gbé ní àdúgbò Kabawa ní Lọ́kọ́jà pẹ̀lú Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ àti Àmínát ọmọ wọn. Òun àti àwọn lébìrà méje mìíràn ló ń fi páànù ru òkúta láti ìdí Òkè Pàtì lọ sí ojú ọ̀nà tuntun. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn.

Sámúẹ́lì, fómáànù wọn, kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà tó ti pẹ́. Tí oṣù ààwẹ̀ bá ti dé, ẹni tó ń gbààwẹ̀ á sọ páànù kalẹ̀ nígbà ìrun Àílà ọ̀sán, kò sì ní gbé e mọ́ títí di ìrun Alásárì. Wákàtí mẹ́ta lábẹ́ igi máńgòrò nìyẹn. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n lè gbà á dópin.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé pẹ̀lú sìkéèlì ńlá, ìgò mẹ́jọ, àti àpótí ìwé kan tó wúwo ju òkúta lọ.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, okun o," ó kí wọn. "Alfred lorúkọ mi. Ọmọ Ìjùmú ni mí, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ gíga."

"Okun o, ọmọ wa," ni wọ́n dá a lóhùn.

Ó ní òun fẹ́ mọ bí ara ẹni tó ń gbààwẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ agbára nínú oòrùn, ṣe ń tọ́jú omi inú rẹ̀. Òun á máa wọ̀n wọ́n lẹ́yìn sààrì, òun á tún wọ̀n wọ́n kí wọ́n tó ṣínu. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, inú ìgò tirẹ̀ ni kó tọ̀ sí, nọ́ńbà rẹ̀ á sì wà lára ìgò náà. Ìgò keje ni ti Jímọ̀.

Táíwò, ọ̀rẹ́ Jímọ̀ láti kékeré, gbé ìgò tirẹ̀ sókè, ó wò ó yí ká. "Ọ̀gá, ṣé ìtọ̀ wa ń lọ sí ìlú òyìnbó ni?"

"Nọ́ńbà rẹ̀ ni yóò lọ."

"Kò burú. Èmi ò dé ibẹ̀ rí, kí ìtọ̀ mi kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alfred náà rẹ́rìn-ín, ó wá ṣí àpótí rẹ̀. Ìwé àtìgbàdégbà kan ló kún inú rẹ̀. Ó ní ó ti tó ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ní ìlú òyìnbó láìdáwọ́ dúró, pé gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ bá rí nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ọkàn ṣe ń lù, bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń mí, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó mú èyí tó gbó jù, ó ṣí i fún wọn. Ojú ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Nọ́ńbà kún un lọ bẹẹrẹ.

"Ẹni tó kọ èyí ti kú," ó ní. "Ọkùnrin tí wọ́n ka ìlù ọkàn rẹ̀ náà ti kú. Ẹ wò ó, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Títí di òní, àwa tó kù ń kọ́lé lé e lórí."

"Bó bá wá jẹ́ irọ́ ńkọ́?" Táíwò béèrè.

"Á jẹ́ pé orí irọ́ la kọ́lé sí nìyẹn."

Jímọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó tún gbọ́ èyí tí Alfred sọ tẹ̀lé e: bí ìwé náà bá gba iṣẹ́ òun, àwọn ọ̀gá òun á rán òun lọ kàwé sí i, bí wọn kò bá gbà á, ìgò ni òun yóò máa fọ̀ títí òun yóò fi fẹ̀yìntì.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Ní ọjọ́ karùn-ún, oorun gbé Jímọ̀ lọ, sààrì fò ó. Àdìjátù ti lọ kí ìyá rẹ̀ lábúlé, kò sí ẹni tó jí i. Ikùn òfìfo àti ọ̀fun gbígbẹ ló fi dé ẹnu iṣẹ́.

Kó tó di ọ̀sán, ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Àwọn òkúta náà ń tàn yanran, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń rìn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àílà, ó gbé búútà rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn àpáta kan tí omi ti ń sun jáde lára òkè. Ibẹ̀ ni àwọn tó bá fẹ́ dá wà ti ń ṣe àlùwàlá.

Ẹ̀yin tó jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá gbọ́dọ̀ fi omi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Omi á wọlé, á yí ká inú ẹnu, á tún jáde. Láàárín ìgbà tó wọlé sí ìgbà tó jáde, kò sí ẹ̀dá kankan lórí ilẹ̀ tó lè sọ ibi tí omi náà gbà.

Jímọ̀ bu ẹ̀kíní, ó tu ú dànù. Ó bu ìkejì. Omi náà tutù. Ó dá a dúró sẹ́nu díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ sì yọ́ lọ sí ọ̀fun.

"Ó ṣèèṣì ni," ó sọ nínú ara rẹ̀.

Ó bu ìkẹta. Ìkẹta kò ṣèèṣì.

Lẹ́yìn náà kò kà á mọ́. Ó gbé ẹnu búútà sí ẹnu ara rẹ̀, ó mu ún tán. Ó tún un bu, ó parí àlùwàlá rẹ̀, ó sì lọ kírun lórí ìlà kan náà, sàfù kan náà, pẹ̀lú àwọn tó kù. Nígbà tó forí kanlẹ̀, ó gbọ́ omi náà tó ń dún nínú ikùn rẹ̀. Ó rò pé Táíwò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun gbọ́ ọ náà.

Àṣé ìtọ̀ yóò fẹ́ tú àṣírí ènìyàn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti fẹ́ kún ìgò rẹ̀, ó sì funfun bí omi. Ti àwọn yòókù pọ́n bí epo, kò sì ju ìka méjì lọ nísàlẹ̀ ìgò. Jímọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó da púpọ̀ nínú tirẹ̀ sínú koríko.

Ní ìrọ̀lẹ́, Alfred wọ̀n wọ́n. Táíwò fi kílò mẹ́ta dín sí ti òwúrọ̀. Àwọn tó kù náà fi nǹkan bíi mẹ́ta dín. Ó kan Jímọ̀. Alfred wo sìkéèlì, ó wo ìwé rẹ̀.

"Bàbá Àmínát, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún gùn ún."

Jímọ̀ tún un gùn.

"Kílò kan àtààbọ̀," Alfred sọ jẹ́jẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Jímọ̀ pinnu pé òun kò ní ṣe é mọ́. Ní ọjọ́ kejì, oòrùn náà tún ràn, àpáta náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ kẹwàá fi máa pé, ó ti ń mu búútà kan ní Àílà, ó ń mu òmíràn ní Alásárì, ó sì ti mọ iye ìtọ̀ tó yẹ kó dà nù kí ti inú ìgò lè jọ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kò dín ju kílò kan lọ.

"Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí," Alfred ń sọ fún Sámúẹ́lì. Ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tún sìkéèlì yìí yẹ̀ wò. Ara ọkùnrin yìí ń di omi mú. Kì í làágùn bí ti àwọn tó kù."

"Ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ tutù bí tèmi," Táíwò sọ láti ìdí igi.

"Ojú máa ń tan ènìyàn jẹ, Ẹ̀gbọ́n Táíwò. Sìkéèlì kì í tan ni jẹ."

Táíwò mi orí. "Ó dáa. A jẹ́ pé ràkúnmí la bá ṣọ̀rẹ́ láti ọjọ́ yìí, a ò mọ̀."

Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Jímọ̀ Ràkúnmí.

Sámúẹ́lì sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́ ní Kabawa. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀ kejì nínú ààwẹ̀, Áàfáà Àlàbí, áàfáà mọ́ṣáláṣí Kabawa, ti gbé e dé ibi wáàsí.

"Ẹ wo Jímọ̀, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀," Áàfáà ní. "Lébìrà lásán ni. Ó gba ààwẹ̀ fún Ọlọ́run, Ọlọ́run ń bá a tọ́jú omi ara rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Sìkéèlì òyìnbó ló jẹ́rìí."

Jímọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn yíjú sí i. Àgbàlagbà Nupe kan tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ń fi èdè Hausa kí i, "Sannu, sannu." Nígbà tó ń gba gbàgede Paparanda kọjá lọ sílé, àwọn obìnrin ń na ìka sí i fún àwọn ọmọ wọn.

Àdìjátù ti dé láti abúlé. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń da ṣúgà kún ẹ̀kọ ìṣínu láìwò ó.

"Bàbá Àmínát, o ò sọ fún mi pé ẹni Ọlọ́run ni mo fẹ́."

"Àdìjátù, fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

"Mo gbọ́. Àwọn ẹni Ọlọ́run kì í fẹ́ ìyìn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di pańpẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ wí pé Alfred nìkan ni ó parọ́ fún, ó lè fa Alfred sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ fún Alfred pé òun mu omi, ó ti sọ fún Kabawa pé òun jẹ ààwẹ̀ nìyẹn. Méjèèjì ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ tí Alfred ń padà sí Ìbàdàn, Jímọ̀ bá a gbé àpótí ìwé dé ibùdókọ̀. Alfred di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Àmínát, mo dúpẹ́. Bí kò bá sí ti yín, ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ǹ bá kọ. Ẹ̀yin lẹ sọ iṣẹ́ yìí di nǹkan."

"Ọ̀gá Alfred, ọ̀rọ̀ kan wà."

"Ẹ sọ ọ́, mo ń gbọ́."

Dírẹ́bà ti ń tẹ fèrè. Jímọ̀ wo àpótí náà, ó rántí ojú ìwé tó pọ́n bí ewé gbígbẹ.

"Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, Jímọ̀ kò ní ìbàlẹ̀ ọkàn mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe, kò sì ní parí rẹ̀. Bí ó bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, á máa wo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí òun yóò ṣe bó bá rí ẹni tí òun ń wò. Àlùwàlá di iṣẹ́ fún un. Bí omi bá ti kan ètè rẹ̀, á tu ú dànù kíá, bí ẹni tó bu omi gbígbóná mu.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í san àwọn ààwẹ̀ náà padà ní kọ̀rọ̀. Kò lè béèrè lọ́wọ́ Áàfáà iye tó yẹ kí òun san, nítorí ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ni ìjẹ́wọ́. Ó kàn ń gbà á ṣáá.

"Ààwẹ̀ kí lo tún ń gbà ní oṣù yìí?" Àdìjátù bi í.

"Ààwẹ̀ mi ni."

"Oṣù tó kọjá ńkọ́?"

Jímọ̀ gbé búútà rẹ̀, ó jáde. Àdìjátù wò ó títí, ó wá gbé oúnjẹ náà padà sínú ìkòkò.

Ó san ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n náà, ó tún san án lẹ́ẹ̀kejì. Ọkàn rẹ̀ kò fúyẹ́. Ó rò pé Ọlọ́run lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ti wọ inú ìwé Alfred, ààwẹ̀ mélòó ló máa pa á rẹ́?

Ọdún 1960 dé, oṣù ààwẹ̀ tún wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, Sámúẹ́lì kó àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ.

"Ẹ gbọ́ o. Kò sí ìsinmi Àílà mọ́. Ẹ kírun, kí ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́."

Wọ́n rò pé àwàdà ni.

"Fómáànù, nínú ààwẹ̀?" ni Táíwò béèrè. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ọ̀gá agbaṣẹ́ṣe ti gbọ́ pé iṣẹ́ kan tó ń lọ sínú ìwé òyìnbó ti fi hàn pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kí nǹkan kan má sì ṣe é. Ó ní ọ̀lẹ ni gbogbo yín."

"Ìwé wo nìyẹn?"

Sámúẹ́lì na ìka. "Ìwé Jímọ̀. Oya, make una carry load."

Àwọn méje yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé páànù rẹ̀ ka orí.

Táíwò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ojú ọ̀nà. Nígbà tó da òkúta sílẹ̀ tán, ó ní, "Ràkúnmí. O lè sọ fún fómáànù pé ara tìrẹ yàtọ̀. Ìyẹn nìkan. O lè sọ ìyẹn."

"Màá sọ ọ́."

"Ìgbà wo?"

Ọjọ́ kan kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ètè Táíwò ti bó, ojú rẹ̀ sì ti wọnú. Jímọ̀ kò tíì sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, Alfred dé. Ó rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò.

"Wọ́n fẹ́ gbà á, Bàbá Àmínát. Ìwé náà fẹ́ gbà á. Ohun kan ló kù. Àwọn àgbà tó ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní kí n tún ọkùnrin keje wọ̀n. Wọ́n ní kí ojú mi má kúrò lára rẹ̀ láti àsùbáà di ìgbà ìṣínu, ì báà tilẹ̀ jẹ́ àlùwàlá ló ń ṣe."

Jímọ̀ gbé páànù rẹ̀ sílẹ̀. "Wọn ò gbà mí gbọ́?"

"Èmi ni wọn ò gbà gbọ́. Èmi gbà yín gbọ́."

Bó bá jẹ́ pé ó gbá a létí ni, ìbá sàn.

Jímọ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò ṣe é lóòótọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ní sààrì, ó jẹun bí ẹni méjì, ó mu omi títí ikùn rẹ̀ fi le. Ó rò pé bí òun bá rìn jẹ́jẹ́, bí òun kò bá sọ̀rọ̀, òógùn kò ní pọ̀.

Alfred gbé àpótí kan sí ojú ọ̀nà, ó jókòó lé e. Ibi tí Jímọ̀ bá lọ, ojú rẹ̀ ń bá a lọ. Ní ìrun Àílà, Alfred fúnra rẹ̀ ló da omi sínú búútà, ó sì gbé abọ́ funfun kan síwájú Jímọ̀.

"Èyí tí ẹ bá fi yọ ẹnu, inú ibí ni kí ẹ tu ú sí. Mo ti wọn èyí tó wọlé."

Jímọ̀ yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Alfred da omi abọ́ sínú ìgò ìwọ̀n, ó wò ó.

"Ó pé," ó ní, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n kírun, wọ́n padà sínú oòrùn. Lẹ́yìn ìyẹn, Jímọ̀ kò mọ bí ọ̀sán ṣe ń lọ mọ́. Òkúta, ọ̀nà, òkúta. Omi sààrì ti jáde tán ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí Táíwò níwájú tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, páànù rẹ̀ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Wọ́n pe Alásárì. Jímọ̀ kúnlẹ̀ síwájú abọ́ funfun. Alfred da omi sí i lọ́wọ́. Ó bu ẹ̀kíní, ó tu ú. Ó bu ìkejì, ó tu ú. Ó bu ìkẹta.

Kò rò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, kò rò ó rárá. Ọ̀fun rẹ̀ ló dá ṣe é. Ó ti mọ ọ̀nà náà láti ọdún tó kọjá. Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ sílẹ̀, nígbà tó la ẹnu láti tu omi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Alfred rí i. Ó wo abọ́, ó wo gògóńgò náà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́.

"Ó ṣèèṣì, àbí?"

Jímọ̀ ń wo abọ́ funfun náà.

"Bàbá Àmínát, ẹ sọ pé ó ṣèèṣì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. A lè tún un ṣe lọ́la." Gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tó fi ń wo Jímọ̀ kì í ṣe ojú ọ̀gá mọ́, ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Jímọ̀ ti la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Páànù kan ró gbàǹgà lórí òkúta.

Táíwò ló ṣubú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú eruku, ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò wo nǹkan kan. Awọ ara rẹ̀ gbẹ kanrangandan, òógùn kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Sámúẹ́lì dúró lé e lórí.

"Dìde. Mo ní kí o dìde. Ṣé ìwọ nìkan lò ń gbààwẹ̀ ni? Ẹgbẹ́ rẹ nìyẹn. Jímọ̀ ò mu omi, ṣé òun náà ṣubú?"

Jímọ̀ dìde. Ó gba búútà náà lọ́wọ́ Alfred. Ó rìn dé àárín gbogbo wọn, ní gbangba oòrùn, nínú oṣù ààwẹ̀, ó gbé ẹnu búútà sí ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.

Wọ́n ń gbọ́ bí ó ṣe ń gbé e mì. Ó mu ún títí ó fi tán, ó yí búútà náà dojú dé kí wọ́n rí i.

"Báyìí ni mo ṣe ṣe é," ó ní. "Lọ́dún tó kọjá. Búútà méjì lójúmọ́, lẹ́yìn àpáta tí ẹ ń wò yẹn. Ìtọ̀ tó bá sì pọ̀ jù, mo ń dà á nù. Ara mi ò yàtọ̀ sí ti ẹnì kankan. Fómáànù, kò sí ẹni tó lè ṣe é. Èmi náà ò ṣe é."

Lẹ́yìn náà, ó sáré lọ síbi omi, ó bu ún wá, ó gbé orí Táíwò lé itan rẹ̀, ó da omi sí i lórí, ó dà á sí i láyà, ó sì ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́. Àwọn kan ti ń ka Kálímà. Táíwò wúkọ́, ó gbé díẹ̀ mì, ojú rẹ̀ padà wá.

"Ràkúnmí," ó ní, ohùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde. "O kúkú pẹ́."

Alfred ti padà lọ jókòó sórí àpótí rẹ̀. Jímọ̀ rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wá ojú ewé ọkùnrin keje, ó fi gègé fa ìlà kan gbọọrọ gba orí rẹ̀ kọjá. Ó tún fa òmíràn ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Ó ń fà á lọ, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé.

"Mo ti sọ fún ìyá mi pé wọ́n máa rán mi lọ kàwé," ni gbolóhùn kan ṣoṣo tó sọ.

Sámúẹ́lì dá ìsinmi Àílà padà ní ọjọ́ kejì. Táíwò lo ọjọ́ mẹ́fà lórí àìsàn, ó sì yè. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó bá Jímọ̀ jẹun pọ̀, kò sì pè é ní Ràkúnmí mọ́ láti ìgbà náà. Áàfáà Àlàbí kò dárúkọ rẹ̀ níbi wáàsí kankan. Ó kàn jẹ́ pé bí Jímọ̀ bá wọ inú sàfù, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rántí pé òun ní ohun tí òun fẹ́ ṣe ní sàfù ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ Kabawa ń kọrin tẹ̀lé e. Olómi, Olómi.

Àdìjátù kò sunkún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbọ́ ọ, ó bu ẹ̀kọ ìṣínu fún un, kò da ṣúgà sí i.

"Gbogbo ààwẹ̀ tí o gbà káàkiri ọdún yẹn," ó ní, "mo rò pé ìyàwó lo fẹ́ fẹ́, tí o ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ìbá sàn jù."

"Kò níí sàn jù," Àdìjátù dá a lóhùn. "Mu ẹ̀kọ rẹ."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo rí i pé mo lè padà sọ "mo" níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú rẹ̀ kò pọ̀. Mo rò pé ọ̀fun mi nìkan ni omi náà gbà, pé ó parí síbẹ̀. N kò mọ̀ pé yóò wọ inú ìwé, pé láti inú ìwé yóò bọ́ sẹ́nu fómáànù, pé láti ẹnu fómáànù yóò dé orí Táíwò. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ gbé mì, tí ẹ ń rò pé inú yín nìkan ló wà, ẹ tètè bì í.

Lọ́dún tó kọjá, ẹrù kékeré kan dé láti Ìbàdàn. Ẹ̀dà kan nínú ìwé àtìgbàdégbà náà ni, tuntun, bébà rẹ̀ ṣì ń rùn. Alfred kò kọ lẹ́tà sí i. Mo gbọ́ pé ó pẹ́ kí wọ́n tó rán an lọ kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n ti rán an. N kò lè ka òyìnbó, ṣùgbọ́n mo lè ka nọ́ńbà. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìkíní, ìkejì, ìkẹta, títí dé ìkẹfà. Lẹ́yìn ìkẹfà, ìkẹjọ ló kàn.

Ọ̀rọ̀ wínníwínní kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà. Mo pe Àmínát, tó ti ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ girama, kó kà á fún mi. Ó kọ́kọ́ kà á sínú, ó wò mí, ó wá túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní, 'A yọ ọkùnrin keje kúrò. Ó mu omi, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún wa.'"

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Nígbà tí gbogbo wa bá kú tán, ibẹ̀ ni yóò wà. Wọn kò kọ orúkọ sí i. Èmi ni mo wá kọ ọ́ síbí. Jímọ̀ ni, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, Kabawa, Lọ́kọ́jà.